Dúdúyẹmí ní Ilé Alhaji

Ohùn tí ó máa ń kọ́kọ́ jí mi lówùúrọ̀ ní ilé wa ní Pópó Àgùdà ni ohùn ọpọ́n ìjẹun àwọn ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n á fi imú tì í lórí símẹ́ńtì, gẹ̀rẹ̀, gẹ̀rẹ̀, títí yóò fi lọ gbá ògiri. Lẹ́yìn náà ni mọ́sálásí yóò pe ìrun ìdájí, tí n ó sì gbọ́ àwọn kẹ́tùrù àlùwàlá tí ń kan ara wọn ní ilé kejì, okùn kànga tí ń han, àti ikọ́ Bàbá Alhaji. Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti máa ń jí ṣáájú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ gbẹ̀yìn, nítorí mo máa ń tún sùn díẹ̀ kí ó tó gbálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yàrá wa. Ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàárín àwa àti ilé Bàbá Alhaji. Kò ga. Ohun tí wọ́n bá ń dín níbẹ̀, a mọ̀ ọ́n. Ohun tí àwa bá ń jà lé lórí, àwọn náà mọ̀ ọ́n. Inú ilé tiwa yìí ni mo ṣì wà títí di òní, ní yàrá òkè tí ó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì lè sọ pé láti ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni mo ti ń fetí sí ògiri yẹn bí ẹni tí ń retí ìròyìn.

Àwọn baba ńlá wa wá láti Bùràsíìlì. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni a ń jẹ ní Kérésìmesì, òun ni a ń jẹ ní Àjíǹde, àwọn ará ilé wa sì ti ń sìn ín ní ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n tó bí Màmá Àgbà. Bàbá mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, a kì í sábà rí i. Ìyá mi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀. Àǹtí Filo, àbúrò bàbá mi obìnrin, ni ọwọ́ ọ̀tún Màmá Àgbà. Àwa mẹ́ta ni ilé, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà ni iṣẹ́. Aṣọ iléèwé mi, ìrẹsì ọjọ́ Sunday, òrùlé tí a pààrọ̀ nígbà tí ìjì ṣí i, láti ẹ̀yìnkùlé yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń yínmú sí mi. Màmá Àgbà á ní, “Ẹlẹ́dẹ̀ kì í dọ̀tí, Sàbínà. Ẹni tó ń sìn ín ló ń dọ̀tí.” Á sì na ìgbálẹ̀ sí mi.

Ohun tí ó jẹ́ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe ní àdúgbò tí mùsùlùmí pọ̀ sí ni àdéhùn kan tí bàbá Bàbá Alhaji àti bàbá ọkọ Màmá Àgbà jọ ṣe. Wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé. Màmá Àgbà máa ń kà á fún wa bí ìgbà tí èèyàn ń ka kátíkísìmù. Kànga wà ní ilé Alhaji, omi ẹ̀rọ ìjọba kì í sì í yọ lọ́dọ̀ wa: àwa yóò máa rí omi gbà níbẹ̀ títí ayé, ṣùgbọ́n ọmọ ilé wọn ni yóò máa fà á, yóò sì da á sínú korobá wa lẹ́nu ọ̀nà, korobá wa kò gbọdọ̀ kan okùn wọn. Àwa, ní tiwa, yóò máa fọ ilé ẹlẹ́dẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ kí wọ́n tó lọ kírun, nítorí ọ̀nà tóóró tí ó wà lẹ́yìn ilé wa ni wọ́n ń gbà lọ sí mọ́sálásí. Koríko kan, ìgbẹ́ kan, kò gbọdọ̀ kù níbẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn ni pé bí ẹlẹ́dẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wọn, sísin ẹlẹ́dẹ̀ parí ní ilé wa. Bí Màmá Àgbà bá dé ibẹ̀ yẹn, á fi ọwọ́ gé afẹ́fẹ́. “Ó parí nìyẹn.” Títí di ọdún yẹn, kò sí ẹlẹ́dẹ̀ tí ó tẹ̀ ẹ́ rí.

Wọn kì í jẹ ẹran wa, àwa ń jẹ tiwọn. Ní ọjọ́ Iléyá, abọ́ ẹran àgbò máa ń wọlé láti ilé wọn. Ní ọjọ́ Ẹtì tí a ń rántí ikú Jésù, àwa náà á gbé ẹ̀wà alágbọn tí à ń pè ní frẹ́jọ̀nù fún wọn, Màmá Àgbà á sì gbé ìkòkò tí a fi sè é dání lọ fi han Alhaja, ìyàwó àgbà Bàbá Alhaji, kí ó lè rí i pé ìkòkò ọ̀tọ̀ ni, èyí tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kò kàn rí. Alhaja á yẹ inú rẹ̀ wò. Lọ́dọọdún ni ó máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dọọdún ni Màmá Àgbà máa ń dúró kí ó yẹ̀ ẹ́ wò tán. Nígbà èwe mi, mo rò pé wọn kò fọkàn tán ara wọn ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bí wọ́n ti ń fọkàn tán ara wọn nìyẹn.

Iṣẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ kò ní ọjọ́ ìsinmi. Láàárọ̀, kí n tó lọ síléèwé, èmi ni mo ń ṣa egungun ẹja kúrò nínú àjẹkù oúnjẹ tí Àǹtí Filo ń kó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn olóúnjẹ Obalende. Gbogbo rẹ̀ á lọ sínú agbada ńlá, a ó sè é títí yóò fi hó. Màmá Àgbà kò gbà kí ẹlẹ́dẹ̀ kankan fẹnu kan ohun tí iná kò kàn. Ó ní àrùn tí ó wọ inú ilé ẹlẹ́dẹ̀ kì í jáde ní òun nìkan. A ó po èérí àgbàdo mọ́ ọn, èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, ewébẹ̀ tí ó ti rọ. Abo tí ó lóyún kì í jẹun púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀, kí ó má baà sanra jù, kí ọmọ má baà há sí i nínú. Ìgbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó bímọ ni à ń bù kún tirẹ̀. Lọ́sàn-án, a ó bu omi sí wọn lára, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ kì í làágùn, oòrùn tí ń lu símẹ́ńtì lè pa á kí ẹ tó ka àdúrà Olúwa tán, gẹ́gẹ́ bí Màmá Àgbà ti máa ń wí. Ìdí nìyí tí omi Alhaji fi jẹ́ ẹ̀mí fún wa. Àwọn tó ń ta ẹran sísun ní Obalende máa ń wá ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn ẹran, wọ́n á wo itan, wọ́n á sì sọ pé kò sanra tó. Àǹtí Filo á ní, “Ẹ jẹ́ kó máa sùn níbí nígbà náà, ẹ padà wá nígbà tó bá di erin.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á mú un.

Dúdúyẹmí ni abo tí a kò jẹ́ tà. Dúdú ni, ó gùn, ọmú rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ láìsí èyí tí ó fọ́jú tí wàrà kì í yọ, kò sì tẹ ọmọ rẹ̀ kan pa rí. Ìgbà tí ó bá ń wá akọ, kì í jẹun dáadáa. Bí Àǹtí Filo bá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, á dúró gbagidi bí àga. Nígbà náà ni a ó ṣí ọ̀nà sí ọ̀dọ̀ akọ. Láti ọjọ́ náà, oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta ni a ó máa retí. Gbogbo ọmọ ilé ẹlẹ́dẹ̀ ló mọ ìyẹn. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, oyún rẹ̀ ni ìrètí wa, nítorí àwọn abo méjì yòókù ti gbó, Màmá Àgbà sì fẹ́ yan àwọn tí yóò rọ́pò wọn láti inú àwọn ọmọ Dúdúyẹmí.

Ọdún yẹn náà ni Bùràímọ̀ padà wálé. Ọmọ Alhaja ni, ó ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó ti lọ ṣiṣẹ́ ní òkè Ọya fún ìgbà díẹ̀. Kò lè gbà pé òun dé sílé, kí òun sì máa gbọ́ igbe ẹlẹ́dẹ̀ nídìí ìrun. Ó kọ́kọ́ ń pòṣé. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà kànga nígbà tí mo bá gbé korobá lọ. “Ẹlẹ́dẹ̀ tó bá ti pàfọ̀ tán, ẹni rere ló ń wá fi ara nù. Ẹ sọ fún mama yín.” Mo sọ fún Màmá Àgbà. Ó ń bó èèpo ẹ̀gẹ́, kò gbójú sókè. “Kí lo sọ fún un?” “N ò sọ nǹkan kan, Màmá.” “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Padà lọ gba omi kejì.” Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sọ̀rọ̀ tí gbogbo wa gbọ́: “Mama, mo kí yín o. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ kan péré bá kọjá sọ́dọ̀ wa, n ò ní sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.” Ikọ́ Bàbá Alhaji dáhùn láti inú ilé, ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ohùn rẹ̀: “Bùràímọ̀, kúrò níbẹ̀.” Láti ìgbà náà ni Màmá Àgbà ti ń dán ilẹ̀kùn ilé ẹlẹ́dẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹran kan bá ké ju ti ìgbà gbogbo lọ, á gbé ṣíbí sílẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ẹ̀rù ń bà á, èmi náà mọ̀, mo sì ń jẹun pẹ̀lú etí ní ògiri.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, ìsinmi iléèwé ni, a jí bá Dúdúyẹmí tí ń kó koríko. Ó ń fi ẹnu gbé e láti igun kan sí òmíràn, ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú wa á jọ, ó ń yí, ó ń dìde, ó tún ń gbé e. Àǹtí Filo fún ọmú rẹ̀ wò, wàrà yọ. Ó tọ Màmá Àgbà wá nídìí iná.

“Màmá, òní ni. Kò ní kọjá ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kí n fi koríko sílẹ̀ fún un.”

“Kí ni òní?”

“Jímọ̀ ni, mo mọ̀.”

“Kì í ṣe Jímọ̀ lásán. Wọ́n ń ṣe fìdáù ẹ̀gbọ́n Alhaji lẹ́yìn ìrun. Àwọn àáfà ń bọ̀, àlejò ń bọ̀, gbogbo wọn ni yóò gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá. Bùràímọ̀ sì wà níbẹ̀ tó ń wá ohun tí yóò sọ.”

“Màmá, abo tó fẹ́ bímọ—”

“Filo, ṣé o fẹ́ kọ́ mi ní ẹlẹ́dẹ̀ ni? Kó koríko yẹn jáde. Tí wọ́n bá ti kọjá tán, kí o dá a padà. Kò lè ju wákàtí kan lọ.”

Mo rántí bí Àǹtí Filo ti dúró tí ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú ṣọ́bìrì. A kó gbogbo rẹ̀, a gbá a, a da omi sí i, a fi ìgbálẹ̀ líle fọ̀ ọ́ títí símẹ́ńtì fi funfun. Mi ò tíì rí i kí ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Dúdúyẹmí dúró sí àárín ibi tútù náà, ó ń fi imú wá ilẹ̀ kiri. Kò ké. Ó kàn ń fi ẹsẹ̀ iwájú ha símẹ́ńtì, ó ń ha á, ó ń ha á. Mo ti bí ọmọ mẹ́ta báyìí, mo sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń wí ní ọjọ́ náà. Nígbà náà, mo rò pé ebi ló ń pa á.

Àwọn ọkùnrin kọjá lọ sí mọ́sálásí pẹ̀lú agbádá funfun. Ẹnìkan kí Màmá Àgbà láti ọ̀nà, ó sì dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Ilé dákẹ́. Àǹtí Filo ń gbé koríko tútù lọ sá sí ọ̀nà ẹ̀yìn kí ó lè gbẹ kíákíá, ó fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ ní ṣíṣí nítorí ẹrù ọwọ́ rẹ̀. Màmá Àgbà ń gbàdúrà ìlẹ̀kẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà iwájú. Èmi ń fọ agbada. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí n kò ti gbọ́ híha ẹsẹ̀ mọ́, kí n tó wòye pé n kò gbọ́ ọ. Mo lọ wò. Ilẹ̀kùn ilé ẹlẹ́dẹ̀ ti kúrò lórí ìdè, ó sùn sílẹ̀. Dúdúyẹmí ti fi imú gbé e sókè látìsàlẹ̀. Mo pariwo orúkọ Àǹtí Filo. Kí ó tó dáhùn, igbe obìnrin ti gba inú ilé Alhaji kan.

A sá gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn àgbàlá wọn ṣí sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbé oúnjẹ. Wọ́n ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ láti ògiri dé ògiri, ẹní tuntun, òórùn rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Dúdúyẹmí ti fa mẹ́ta nínú rẹ̀ ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Ó ti kó o jọ sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó ti yí i ká bí agbọ̀n, ó sì ti dùbúlẹ̀ sí àárín rẹ̀, ó ń mí gulegule. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ti gun orí tábìlì.

“Ẹ gbà mí o! Ó ń wò mí!”

“Kí ló ń wò lára rẹ?” Alhaja ni, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ṣíbí ńlá lọ́wọ́. “Ṣé ìwọ ni yóò gbẹ̀bí rẹ̀ ni? Sọ̀kalẹ̀ lórí tábìlì ìrẹsì.”

Àǹtí Filo wọlé láìtọrọ àyè, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹran náà. Màmá Àgbà dé lẹ́yìn wa. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kọjá igi ẹnu ọ̀nà, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ ṣì wà ní ọwọ́. Ó wo àwọn ẹní náà. Mi ò tíì rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

“Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n wọlé?”

“Ìyá Filo, ẹran yín ti wọlé, ẹ̀yin ń tọrọ àyè. Ẹ wọlé.”

Ibẹ̀ ni a wà nígbà tí Bùràímọ̀ ti iwájú ilé wọlé. Òun kò lọ sí mọ́sálásí tí àwọn yòókù lọ. Bàbá rẹ̀ ló ní kí ó dúró to àga sábẹ́ àtíbàbà de àwọn àlejò. Ó wo ẹní. Ó wo abẹ́ àtẹ̀gùn. Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ odó, ó fa ọmọ odó yọ. Kò pariwo, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Àǹtí Filo na ọwọ́ méjèèjì jáde níwájú ẹran náà.

“Bọ̀dá Bùràímọ̀, ẹ má lù ú. Ọmọ ti ń bọ̀. Tí ẹ bá lù ú, yóò dìde, yóò tẹ gbogbo wọn pa, yóò máa bu àwa náà jẹ. Ẹ̀jẹ̀ ló máa kún àgbàlá yín.”

“Kúrò níbẹ̀, Filo. Fìdáù là ń ṣe níbí. Ẹ gbé ẹran yín jáde.”

“Kò ṣeé gbé báyìí.”

“Màá gbé e.”

Ó gbé ọmọ odó sókè. Ní ìgbà náà gan-an ni àkọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, kékeré, ó tutù, ó ń dán, ó já okùn ìwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ gbígbọ̀n wá ọmú kiri. Gbogbo wa wò ó. Ọmọ odó ṣì wà lókè. Alhaja rìn wá sí àárín, kò yára, ó dúró síwájú ọmọ rẹ̀.

“Sọ ọ́ sílẹ̀.”

“Màámi, ẹlẹ́dẹ̀ ni.”

“Mo lójú. Ilẹ̀ títẹ́ báyìí náà ni mo wà nígbà tí mò ń bí ìwọ, bàbá rẹ kò sí nílé, Ìyá Filo yìí ló di ẹsẹ̀ mi mú. Kò sí ẹni tó gbé ọmọ odó lé mi lórí. Sọ ọ́ sílẹ̀, Bùràímọ̀, kí n tó bínú.”

Ó sọ ọ́ sílẹ̀. Ó dún lórí símẹ́ńtì, Dúdúyẹmí gbọ̀n, orí rẹ̀ gbé sókè. Àǹtí Filo tẹ ikùn rẹ̀ rọra, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí títí orí náà fi padà sílẹ̀. Alhaja ní kí wọ́n fa okùn sí iwájú àtẹ̀gùn, kí wọ́n fi ṣíìtì kọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n kó ẹní tó kù lọ síwájú ilé, abẹ́ àtíbàbà ni wọn yóò ti ṣe àdúrà. Gbohùngbohùn mọ́sálásí ti ń sọ àdúrà ìparí. Lẹ́yìn ṣíìtì, èmi ni mo ń fi àkísà gbígbẹ nu imú àwọn ọmọ bí wọ́n ti ń jáde, tí mo ń fi wọ́n sí ẹnu ọmú, àwọn tí kò lágbára sí ti iwájú níbi tí wàrà pọ̀ sí. Mo ń gbọ́ bàtà àwọn ọkùnrin tí ń bọ̀ lọ́nà. Mo gbọ́ bí Alhaja ti ń kí wọn síwájú ilé. Fìdáù ti ń parí lọ kí n tó gbọ́ ikọ́.

Bàbá Alhaji dá nìkan wọ àgbàlá. Kò ṣí ṣíìtì. Ó jókòó lórí àga kékeré tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá.

“Ìyá Filo.”

“Bàbá Alhaji.”

“Ṣé ó ti bí tán?”

“Mẹ́sàn-án. Ó ku ibi ọmọ.”

“Báwo ló ṣe jáde?”

Àǹtí Filo fẹ́ sọ̀rọ̀, Màmá Àgbà gbé ọwọ́ sókè. “Èmi ni mo kó koríko abẹ́ rẹ̀. Abo tó fẹ́ bímọ, tí kò bá rí ohun tí yóò fi tẹ́ ìtẹ́, á wá a lọ. Filo sọ fún mi. Mo ní Jímọ̀ ni, ẹ sì ní àlejò.”

Bàbá Alhaji gbójú sókè. “Nítorí tiwa lẹ ṣe kó o.”

“Nítorí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa ni.”

“Bàbá,” Bùràímọ̀ ní, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà iwájú, “ọ̀rọ̀ ọ̀hún náà ló ní tó bá tẹ ilẹ̀ wa, ó parí. Àwọn àáfà wà níta. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n kí wọ́n gbọ́.”

Mo fi ojú ihò ṣíìtì wo Bàbá Alhaji. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo ń retí kí ó lé Bùràímọ̀ bí ó ti máa ń lé e, kí ó ní kúrò níbẹ̀.

“Òótọ́ lo sọ,” ó ní. “Ó parí.”

“Alhaji!” Alhaja ti tẹ̀ lé e wọlé. “Ẹ ẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ni? Nítorí tiwa ni wọ́n ṣe—”

“Mo gbọ́. Ó parí, mo ní.” Ó yíjú sí Màmá Àgbà. “Ìyá Filo, títí àwọn ọmọ yìí yóò fi já ọmú. N ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Mi ò bẹ̀ yín,” Màmá Àgbà ní.

“Mo mọ̀.” Ó dìde. “Bùràímọ̀, láti ọ̀la, ìwọ ni wàá máa fa omi fún wọn.”

“Èmi kẹ̀? Bàbá, àwọn ọmọdé ló ń fà á.”

“Ìwọ. Ṣé àdéhùn lo fẹ́? Gbogbo rẹ̀ ni kí o mú, má mú ẹyọ kan níbẹ̀.”

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ibi ti jáde, tí ẹran náà ti fún gbogbo ọmọ lọ́mú, Àǹtí Filo fi agbọ̀n kó àwọn ọmọ níwájú, Dúdúyẹmí tẹ̀ lé igbe wọn, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn padà sílé. Màmá Àgbà bu iyanrìn àti omi, ó kúnlẹ̀, ó sì fọ abẹ́ àtẹ̀gùn Alhaji fúnra rẹ̀. Alhaja ní kí ó fi sílẹ̀. Kò fi sílẹ̀. Alhaja bá mú ìgbálẹ̀ kejì.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e gùn. A gé ehín mímú àwọn ọmọ kí wọ́n má baà gé ìyá wọn lọ́mú. Iyanrìn Èkó funfun ni, nítorí náà Àǹtí Filo wọkọ̀ ní Apọ́ngbọ̀n lọ bu ilẹ̀ pupa wá nínú àpò láti òkè odò, a dà á sí igun kan kí wọ́n máa lá a, nítorí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tó bá ń gbé orí símẹ́ńtì láìrí ilẹ̀ pupa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á gbẹ. Láràárọ̀, Bùràímọ̀ fa omi. Á da omi sínú korobá mi pẹ̀lú agbára, ìdajì á ta sí mi lẹ́sẹ̀, á sì tún fa òmíràn títí yóò fi kún. Màmá Àgbà kò jẹun dáadáa mọ́. Nígbà tí wọ́n já ọmú, àwọn oníbàárà wá mú àwọn akọ; Àǹtí Filo rí ilẹ̀ kékeré kan lójú ọ̀nà Badagry, ọkọ̀ sì wá kó Dúdúyẹmí, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin, àti àwọn yòókù lọ síbẹ̀. Àǹtí Filo bá wọn lọ. Ibẹ̀ ló ti rán mi parí ìwé mẹ́wàá, ibẹ̀ náà ló wà títí ó fi darúgbó. Èmi àti Màmá Àgbà ló kù nílé. Ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀yìnkùlé yẹn, bí ẹni tí etí rẹ̀ di ni.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ lọ, Bàbá Alhaji wá sí ẹ̀yìnkùlé wa. Kò wá síbẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó jókòó lórí òkúta, Màmá Àgbà ń to àwọn ọpọ́n sí ara wọn.

“Ìyá Filo, ẹ̀ ń bínú sí mi.”

“Mò ń bínú. Ẹ lè dárí jì wá, ẹ kò dárí jì wá.”

“Mo lè dárí jì yín.” Ó húkọ́ títí. “Tí mo bá kú, ta ló máa jókòó síbẹ̀? Bùràímọ̀ ni. Tí mo bá yọ ẹyọ kan nínú ọ̀rọ̀ bàbá mi lójú rẹ̀ nítorí pé àánú yín ṣe mí, òun náà á yọ ẹyọ kan nítorí pé àánú yín kò ṣe é. Ẹ sọ èyí tí yóò kọ́kọ́ yọ fún mi.”

Màmá Àgbà kò to ọpọ́n mọ́. Ó wo ògiri. “Omi,” ó ní.

“Omi ni.”

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Mi ò gbọ́ kí ó ní òun dárí jì í. Ó kàn ní kí n wá bu omi mímu fún Bàbá Alhaji.

Bàbá Alhaji kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Màmá Àgbà sì tẹ̀ lé e. Wọ́n ń pe Bùràímọ̀ ní Alhaji báyìí, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ẹ̀rọ ló ń fa omi kànga náà. Ó ń ta omi rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò ní korobá-korobá, àwọn tó ń bá a rìn pàápàá ń sanwó. Kò fẹ́ràn wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí a bá pàdé lọ́nà, ó máa ń wo ibòmíràn kí ó tó kí mi. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó máa ń na rọ́bà kan gba orí ògiri wá sí ẹ̀yìnkùlé wa, òun fúnra rẹ̀, kì í rán ọmọ. Á kan ògiri lẹ́ẹ̀kan. N ó gbé dúrọ́ọ̀mù mi sábẹ́ rẹ̀, n ó sọ pé, “Ẹ ṣeun, Alhaji.” Yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, mo máa ń gbọ́ mímí rẹ̀, títí tèmi yóò fi kún.